Gbogbo Ìwé Kọ́ Ni Ìwé Ilẹ̀

Bí a bá bi ọmọ Yorùbá tí ó ti kọ́lé sí Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì tàbí Mìnnà léèrè bóyá ó ní ìwé lórí ilé rẹ̀, kíá ni yóò dáhùn pé òun ní ìwé. Ìwé náà wà nínú àpótí, tàbí láàrin Bíbélì, tàbí lábẹ́ àwọn aṣọ òkè tí ìyàwó rẹ̀ kó pamọ́ de ọjọ́ ìnáwó. Ó mọ ibi tí ó wà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tún bi í pé irú ìwé wo ni, gbogbo ohun tí yóò rí sọ ni pé, "Ìwé ilẹ̀ ni." Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Nínú èdè wa, ìwé ni gbogbo wọn ń jẹ́. Rìsíìtì tí a gbà nígbà tí a sanwó, ìwé ni. Àdéhùn tí a kọ níwájú máì-ángúwà, ìwé ni. Àwòrán tí awọnlẹ̀ yà, ìwé ni. Èyí tí gómìnà fọwọ́ sí, ìwé náà ni. Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ lábẹ́ ìjọba mọ bí ọ̀rọ̀ kékeré yìí ti ń fa wàhálà tó, nítorí pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni orúkọ tí òfin sọ àwọn ìwé wọ̀nyí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni iṣẹ́ tí ó yàn fún wọn. Ìwé tí ó fi hàn pé ènìyàn san owó lè má fi hàn pé ilẹ̀ ti di tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: ẹni tí ó bá kọ́lé sí ìdálẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì parí èyí tí kò bá tí ì parí, nígbà tí òun àti ẹni tí ó ta ilẹ̀ fún un ṣì wà láàyè.

Ìwé ni ẹlẹ́rìí àlejò

Ní ilé, ẹlẹ́rìí wa pọ̀. Pèrègún ń bẹ lójú ààlà. Àwọn àgbà ń bẹ tí wọ́n mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi agbára gba ilẹ̀ baba ẹni, odindi agbo ilé ni yóò dìde. Ní ìdálẹ̀ ńkọ́, ta ni yóò bá wa dìde? Aládùúgbò tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí a sanwó lè ti kú tàbí kí ó ti kó lọ. Máì-ángúwà tí ó fọwọ́ sí àdéhùn lè ti dolóògbé, kí ẹni tí ó gba ipò rẹ̀ sì sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣojú òun.

Ní ọdún 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè wa ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Èkíní ni ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀: ta ni ó tẹ ilẹ̀ náà dó, báwo ni ó sì ṣe ti ọwọ́ baba dé ọwọ́ ọmọ títí di òní. Èkejì ni ìwé tí a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìṣe onílẹ̀: kí ènìyàn ti máa lo ilẹ̀ náà, kí ó máa fi í háyà, tàbí kí ó máa tà nínú rẹ̀, fún ìgbà pípẹ́ láìsí ẹni tí ó dá a lọ́wọ́ kọ́. Ẹ̀kẹrin ni pípẹ́ lórí ilẹ̀ àti jíjẹ èrè rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún ni níní ilẹ̀ tí ó bá a pààlà, lọ́nà tí ó fi hàn pé ẹni kan náà ni ó ṣeé ṣe kí ó ni méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á fi ara wa sórí òṣùwọ̀n yìí. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ kò sí fún wa, nítorí kì í ṣe àwọn baba ńlá wa ni ó tẹ Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì dó. Ilẹ̀ tí ó bá a pààlà kì í ṣe tiwa pẹ̀lú. Ìṣe onílẹ̀ àti pípẹ́ lórí ilẹ̀ lè gbè wá, ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀ kì í lágbára tó láti borí ẹni tí ó bá fi ẹ̀rí hàn pé òun ni onílẹ̀ gan-an. Nínú ọ̀nà márùn-ún, ọ̀kan ṣoṣo ni ó wà fún àlejò bí ó ti wà fún onílé: ìwé. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹni tí ó wà nílé lè fi ọ̀rọ̀ ìwé jáfara kí ó sì mú un jẹ. Ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà láàrin wa kò tí ì gbàgbé oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti ṣòwò níbẹ̀ láti ìgbà èwe wọn fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀ lójijì. Nàìjíríà kì í ṣe ilẹ̀ òkèèrè fún ọmọ Nàìjíríà, kò sì sí ẹni tí ó ń gbàdúrà irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀: nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, ohun tí ènìyàn lè fà yọ lápò ni ó ń sọ̀rọ̀ fún un.

Ẹ̀tọ́ wa lábẹ́ òfin

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àánú ni a ń tọrọ. Ní Òkè Ọya àtijọ́, òfin ilẹ̀ ti ọdún 1916, àti èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1962, pín ènìyàn sí ọ̀nà méjì: ọmọ ìbílẹ̀ Òkè Ọya, àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Gúúsù tí wọ́n bá ọkọ̀ ojú irin gòkè wá ṣiṣẹ́ tàbí ṣòwò ni a kà mọ́ ẹgbẹ́ kejì, bí ó ti wù kí wọ́n pẹ́ tó ní Sábó-n-Gàrí. Láti ìgbà náà ni àṣà kan ti wọ̀ wá lára, pé kí á sanwó, kí á gba rìsíìtì, kí á fọwọ́ bo ẹnu.

Àṣà yìí ti ju ìdí rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun ti Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde. Òfin náà fi gbogbo ilẹ̀ tí ó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa bójú tó o fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Kò sọ pé fún ọmọ ìbílẹ̀ nìkan. Ìwé Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sì fi kún un, ní abala 43, pé ọmọ Nàìjíríà èyíkéyìí ní ẹ̀tọ́ láti ní ilé tàbí ilẹ̀ níbikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ̀tọ́ wà, ṣùgbọ́n bí omi inú kànga ni ó rí: ẹni tí kò bá ní okùn àti korobá kò lè mu nínú rẹ̀. Ìwé tí ó pé ni okùn náà.

Orúkọ ìwé àti iṣẹ́ rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí rìsíìtì, nítorí òun ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Rìsíìtì ń jẹ́rìí pé owó ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Àdéhùn títà tí a kọ níwájú máì-ángúwà tàbí olórí àdúgbò jù ú lọ díẹ̀, nítorí ó ń sọ ohun tí a fi owó náà rà àti àwọn tí ó ṣojú wọn. Wọn kì í ṣe asán. Nínú ẹjọ́ Okoye àti Dumez ní ọdún 1985, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ gbà pé ẹni tí ó bá sanwó, tí ó gba rìsíìtì, tí a sì jọ̀wọ́ ilẹ̀ fún, ní ẹ̀tọ́ tí ilé-ẹjọ́ lè dáàbò bò, ó sì lè bẹ ilé-ẹjọ́ kí ó fi dandan mú ẹni tí ó tà á láti ṣe ìyókù. Ẹ kíyè sí i: ẹ̀tọ́ láti bẹ̀bẹ̀ fún ìyókù ni ó ní; kò tí ì ní ìyókù náà. Bí ẹni tí ó tà á bá sì ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni a ó máa lé kiri.

Àwòrán awọnlẹ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Àwọn kan a máa fi í yangàn nítorí pé ó ní òǹtẹ̀ àti ìlà pupa. Ohun tí ó ń sọ ni ibi tí ilẹ̀ wà, bí ó ti gùn tó, bí ó ti fẹ̀ tó, àti ibi tí àwọn òpó ààlà rẹ̀ wà. Kò sọ ẹni tí ó ni ín. Síbẹ̀, ó ṣe pàtàkì púpọ̀ kí á tó sanwó, nítorí òun ni a lè gbé lọ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba kí á fi mọ̀ bóyá ilẹ̀ tí a fẹ́ rà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà fún ojú ọ̀nà, ilé ìwé tàbí ọjà.

Ìwé kan tún wà tí ó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, pàápàá ní Àbújá àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn. Òun ni ìwé àṣẹ aṣojú, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní power of attorney. Ẹni tí ó ni ilẹ̀ yóò kọ ọ́ pé òun yan lágbájá láti máa ṣe gbogbo ohun tí òun lè ṣe lórí ilẹ̀ náà: kí ó kọ́lé, kí ó háyà rẹ̀, kí ó tà á. Ẹni tí ó gbà á yóò máa rò pé òun ti ra ilẹ̀. Ní ọdún 1993, nínú ẹjọ́ Ude àti Nwara, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ là á mọ́lẹ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò fi ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Aṣojú ni ó sọ ènìyàn dà. Aṣojú kì í ṣe onílé. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé yìí nìkan ni ó wà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ ti san owó pé, iṣẹ́ ṣì kù.

Wàyí o, ìwé tí ó ń gbé ilẹ̀ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn ni èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní deed. A fọwọ́ sí i, a fi èdìdì dì í, a sì gbé e fún ẹni tí ó ni ín níwájú ẹlẹ́rìí. Oríṣiríṣi ni ó tún pín sí. Èyí tí àwọn baba wa ní Èkó àti Ìbàdàn mọ̀ sí kọnfeyánsì ni a fi ń ta ilẹ̀ pátápátá kí òfin ọdún 1978 tó dé. Láti ìgbà tí òfin náà ti sọ pé ẹ̀tọ́ láti gbé lórí ilẹ̀ ni ènìyàn ní, deed of assignment ni ó wọ́pọ̀. Ohun tí ó sì ń gbé fúnni ni ọdún tí ó kù fún ẹni tí ó tà á. Bí ìjọba bá fún ẹnì kan ní ilẹ̀ fún ọdún 99 ní ọdún 1985, tí ó sì tà á ní ọdún 2025, ọdún 59 ni ẹni tí ó rà á ní lọ́wọ́. Ẹ máa bèèrè èyí kí ẹ tó dúnàádúrà.

Ìwé ẹ̀bùn wà fún ẹni tí a fi ilẹ̀ ta lọ́rẹ láìgba owó, bí bàbá tí ó fún ọmọ rẹ̀. Ìwé ìdógò náà wà, èyí tí a fi ń yá owó ní báńkì. Ilẹ̀ tí ó bá wà lábẹ́ ìdógò kò ṣeé rà bí ẹni ra iṣu lọ́jà, nítorí báńkì ni yóò yọjú nígbà tí gbèsè bá délẹ̀. Èyíkéyìí tí ó bá jẹ́ nínú wọn, a gbọ́dọ̀ san owó òǹtẹ̀ lórí rẹ̀, kí a sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ náà wà. Ìforúkọsílẹ̀ ni ó ń kéde fún gbogbo ayé pé ilẹ̀ ti ní olúwa, kí a má baà tà á fún ẹlòmíràn lẹ́yìn wa.

Ìfọwọ́sí gómìnà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dúró lójú ọ̀nà. Abala 22 nínú Òfin Lílo Ilẹ̀ sọ pé ẹni tí ìjọba ìpínlẹ̀ fún ní ilẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ fi í dógò, kò sì gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láìgba ìfọwọ́sí gómìnà. Ní Àbújá, mínísítà olú-ìlú ni ó dúró ní ipò gómìnà. Abala 26 sì ní asán ni ohun tí a bá ṣe lòdì sí èyí. Kì í ṣe òfin tí a kọ fún ọ̀ṣọ́. Ní ọdún 1989, nínú ẹjọ́ Báńkì Savannah àti Ajilo, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dájọ́ pé ìdógò tí a ṣe láìsí ìfọwọ́sí gómìnà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Báńkì tí ó ti ná owó rẹ̀ kò sì lè ta ilé náà. Bí ó bá ṣe báńkì tí ó ní lọ́yà bẹ́ẹ̀, kí ni kí á sọ nípa ìyá kan tí ń ta gààrí ní ọjà?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé, "Èmi ní C of O ní tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí." Òótọ́ ni pé kò sí ìwé tí ó níyì tó o nínú gbogbo àwọn tí a ti kà. Ṣùgbọ́n orúkọ ta ni ó wà lórí rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ orúkọ ẹni tí ó tà á fún yín ni ó ṣì wà níbẹ̀, tí kò sí deed àti ìfọwọ́sí gómìnà tí ó so ó mọ́ orúkọ tiyín, ìwé ẹlòmíràn ni ẹ ń bá a tọ́jú. Nínú ẹjọ́ Romaine ní ọdún 1992, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ pé kí a tó gba ìwé ilẹ̀ gbọ́, ó yẹ kí a béèrè bóyá ojúlówó ni, bóyá a fọwọ́ sí i bí ó ti yẹ tí a sì tẹ òǹtẹ̀ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, bóyá ẹni tí ó fúnni ní àṣẹ láti fúnni, bóyá ó tilẹ̀ ní ohun tí ó ń fúnni, àti bóyá ìwé náà lè ṣe iṣẹ́ tí ẹni tí ó mú un wá sọ pé ó ṣe. Bí mo bá ní agbára, ńṣe ni ǹ bá kọ ìbéèrè márùn-ún yìí sí ara ògiri gbogbo gbọ̀ngàn ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá.

Ìbéèrè pé bóyá ẹni tí ó ń tà ní àṣẹ láti tà kan àwọn ará wa tí wọ́n wà ní ibi tí ilẹ̀ ẹbí ṣì wọ́pọ̀. Láti ọdún 1959 ni ilé-ẹjọ́ ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika pé bí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìgbọ́ ti àwọn àgbà ẹbí yòókù, wọ́n lè yí i padà. Bí àwọn yòókù bá sì tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe gba ìwé tí ẹnì kan ṣoṣo fọwọ́ sí lórí ilẹ̀ ogún èèyàn.

Ta ni yóò jogún rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fẹ́ dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó kan àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní àwọn ibi tí gómìnà kò tí ì kà sí ìlú ńlá, ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin fún láṣẹ láti fúnni ní ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí ó rọrùn ó sì dínwó. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé abala 24 nínú òfin fi ìyàtọ̀ sí i nígbà tí onílẹ̀ bá kú. Ilẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ fúnni, àṣà ìpíngún ti olóògbé fúnra rẹ̀ ni a ó tẹ̀ lé. Ilẹ̀ tí a gbà lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, àṣà ibi tí ilẹ̀ náà wà ni a ó tẹ̀ lé, àyàfi bí òfin tàbí àṣà mìíràn bá jẹ mọ́ ọn. Nípa bẹ́ẹ̀, ìwé tí bàbá mú nítorí pé ó dínwó lè jẹ́ ohun tí yóò sọ bí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ṣe pín ilé náà.

Ní ọdún 1985, ẹjọ́ àwọn Olowu dé iwájú ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ. Ọmọ Ìjèṣà ni bàbá wọn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní ìlú Bìní, ó fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, ó sì ti bẹ̀bẹ̀ kí a gbà á gẹ́gẹ́ bí ọmọ Bìní, wọ́n sì gbà á. Ó kú láìkọ ìwé ìhágún. Ilé-ẹjọ́ ní àṣà Bìní ni a ó fi pín ogún rẹ̀, kì í ṣe ti Ìjèṣà. N kò sọ pé èyí dára tàbí pé kò dára. Ohun tí mo ń sọ ni pé olóògbé náà ì bá ti fi ìwé kan ṣoṣo gba àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹjọ́. Ẹ kọ ìwé ìhágún. Bí bàbá bá sì ti kú láìkọ ọ́, kí àwọn ọmọ lọ gba ìwé àṣẹ ìbójútó ogún ní ilé-ẹjọ́ gíga kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilé náà. Bí a bá fi orúkọ òkú sílẹ̀ lórí ìwé fún ogún ọdún, àwọn jàǹdùkú ni a ń pè.

Kí a kà á ní èdè tí a gbọ́

Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ àwọn ìwé wọ̀nyí, Gẹ̀ẹ́sì tí ó le pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá àti bàbá wa ni ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ohun tí wọn kò mọ̀ sí. Ẹ gbọ́ ohun tí òfin sọ: ẹni tí ó bá bá aláìmọ̀wé kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, ó sì gbọ́dọ̀ kà á fún un kí ó túmọ̀ rẹ̀ yé e kí ó tó fọwọ́ sí i. Nítorí aláìmọ̀wé ni a ṣe òfin náà. Nítorí náà, kì í ṣe ìwà àfojúdi pé kí ìyá arúgbó sọ fún lọ́yà pé, "Ọmọ mi, ẹ kà á fún mi ní Yorùbá kí n tó tẹ̀ ẹ́." Kí ó mú ọmọ tàbí ẹni tí ó fọkàn tán tí ó mọ̀wé dání. Àìmọ̀wé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fífi ọwọ́ sí ohun tí a kò gbọ́ ni ó ń dáni lẹ́bi.

Ohun tí ó kù láti ṣe

Òótọ́ ni pé owó ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìrìnàjò sì ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba lẹ́ẹ̀mẹwàá tí a ń sọ fún un pé kí ó padà wá lọ́la, a kò lè dá a lẹ́bi bí ó bá padà sídìí rìsíìtì rẹ̀. Ìjọba ni mo fẹ́ bá sọ èyí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Òfin kò lè máa pe ilẹ̀ tí kò ní ìfọwọ́sí ní asán, kí ìfọwọ́sí náà sì tún ṣòro láti rí gbà. Ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ iye owó àti iye ọjọ́ mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Ó yẹ kí a túmọ̀ àwọn fọ́ọ̀mù àti àlàyé wọn sí Háúsá, Yorùbá, Ìgbò àti àwọn èdè yòókù tí àwọn ará ìlú ń sọ. Àwọn ògbufọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Iṣẹ́ ni kí a fún wọn.

Ṣùgbọ́n kí á má ṣe fi ìjọba ṣe àwáwí. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní ìdálẹ̀ kò kẹ̀rẹ̀ bí ó bá di ọ̀rọ̀ òkú sísin, aṣọ ẹbí àti owó ìdàgbàsókè ìlú. Kí ni ó dé tí ẹgbẹ́ kan kò lè ya ìpàdé oṣù kan sọ́tọ̀ lọ́dún, kí wọ́n pe agbẹjọ́rò kan, kí olúkúlùkù mú ìwé rẹ̀ wá, kí a sọ orúkọ rẹ̀ fún un àti ohun tí ó kù? Bí ogún ènìyàn bá para pọ̀ gba lọ́yà kan àti awọnlẹ̀ kan, owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san yóò dín. Kí ẹni tí ó fẹ́ rà lọ yẹ ìwé wò ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kí ó tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá sanwó tán. Ẹni tí ó ti rà, kí ó wá ẹni tí ó tà á fún un rí nígbà tí ó ṣì lè fọwọ́ sí ìwé. Kí ọkọ jẹ́ kí ìyàwó àti àwọn ọmọ mọ ibi tí ìwé wà àti irú èyí tí ó jẹ́.

Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko, bí àwọn àgbà ti máa ń wí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, ìdálẹ̀ tí a bí wọn sí ni wọ́n mọ̀ sí ilé. Òógùn ogójì ọdún ni ó wà nínú bíríkì àti páànù tí a tò síbẹ̀. Kò bójú mu kí á fi irú òógùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ sórí ìwé pélébé kan tí ó ń jẹ́rìí owó tí kò sì jẹ́rìí ilẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Lálẹ́ òní, kí olúkúlùkù ṣí àpótí rẹ̀, kí ó mú ìwé náà jáde, kí ó sì ka orúkọ tí ó ń jẹ́.